Èsì: Súmò kì í "fa" omi, ẹ má pè é ní "afami"

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Mo ka ìwé tí ẹ kọ lánàá, pé kí a máa pe súmò, ẹ̀rọ tí wọ́n ń rì sínú omi láti mú omi kúrò nínú kòtò ìwakùsà, ní "ẹ̀rọ afami". Mi ò lè gbà á. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ẹ ò sì wo inú kòtò yẹn.

"Fà" yẹn ni gbogbo ìjà mi. Mo mọ̀ pé a máa ń fa omi kànga, ṣùgbọ́n òkè lẹni tó ń fà á wà. Ẹ̀rọ tó jókòó sí etí kòtò náà ń fà, kò sì lè fà á ga kọjá nǹkan bíi mítà 10, bó ti wù kó lágbára tó, torí afẹ́fẹ́ ayé ló ń bá a ti omi wọ páìpù. Kòtò wúrà Sẹ̀gilọlá l'Ọ́ṣun, tó ti ń mú wúrà jáde láti 2021, jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni súmò ń wà. Wọ́n dé mọ́tọ̀ rẹ̀ pinpin, omi tó yí i ká ló ń mú un tutù, ó sì ń ti omi sókè. Ẹni tó bá fi "afami" kọ́ ọmọ, ẹ̀rọ etí kòtò lọmọ náà máa lọ rà, á máa jó dísẹ̀lì lásán nígbà tí omi ń sun lára àpáta, tó sì ti kún inú ihò tí wọ́n fẹ́ ki ẹ̀tù sí láti fọ́ àpáta náà.

"Agbọ́nmi" ni tèmi. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìyá wa àgbà á fi amọ̀ dí odò kékeré, wọn á fi igbá gbọ́n ọn títí ẹja á fi máa jà nínú ẹrẹ̀. Wọn ò fa odò. Iṣẹ́ kan náà ni ti kòtò kùsà: kí omi kúrò, kí a lè rí ohun tó wà nílẹ̀.

Ohùn òkè ni "gbọ́n" yẹn o, àbúrò tó kọ ọ́ ní "agbọ̀nmi". Ìyẹn ti di ohun tó ń gbọ̀n jìgìjìgì. Ẹni tó sì ní "gbọ́nmi-sí-i-omi-ò-tó-o" fi hàn pé gbọ́n ń bu omi wọlé, "sí i" ló gbé e wọlé níbẹ̀, kì í ṣe gbọ́n.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni yín, ẹ mọ ilẹ̀ wúrà jù mí lọ. Mo gbà. Ẹ bá mi bi àwọn awakùsà ibẹ̀. Bí súmò ni wọ́n ń pè é, kí a kọ súmò sínú ìwé atúmọ̀, kí agbọ́nmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Afami ò láyè níbẹ̀.