Kọ̀ǹpútà wo ni kí n rà fún wíwo fíìmù ní pálọ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń wá kọ̀ǹpútà kékeré tí màá so mọ́ tẹlifíṣọ̀n 4K àti ẹ̀rọ ohùn 5.1 tó wà ní pálọ̀ mi n'Íbàdàn, kí n lè máa fi Kodi (ètò tó ń ṣí fíìmù lórí kọ̀ǹpútà) wo fíìmù. Èyí tí mò ń lò, tó ní ṣíìpù Core i5-3470 ti ọdún 2012, kò ní ẹ̀yà tó ń tú HEVC (ọ̀nà tí wọ́n fi ń fún ọ̀pọ̀ fíìmù 4K pọ̀), nítorí náà ni fíìmù 4K fi ń já lórí rẹ̀. Mo ti fi LibreELEC (ètò kékeré tí wọ́n ṣe fún Kodi nìkan) rọ́pò Windows, mo pààrọ̀ okùn HDMI, mo sì fi RAM kún un, síbẹ̀ kò yí padà. Ariwo fáànù rẹ̀ nìkan tó ba eré jẹ́.

Inverter la máa ń lò lálẹ́, n kò sì fẹ́ èyí tó ń jẹ iná púpọ̀, ìdí nìyí tó fi ku méjì: Raspberry Pi 5, tó ń tú HEVC ṣùgbọ́n tí kò ní ẹ̀yà fún AV1 (ọ̀nà ìfúnpọ̀ fíìmù mìíràn tó tuntun ju HEVC lọ), àti kọ̀ǹpútà kékeré tó ní ṣíìpù Intel N100, tó ń tú méjèèjì. Ẹ̀yin tí ẹ ti lo N100 pẹ̀lú LibreELEC, ǹjẹ́ ó ń gbé HDR (àwòrán tí ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ rẹ̀ túbọ̀ jinlẹ̀) dé tẹlifíṣọ̀n àti Dolby TrueHD (ohùn fíìmù tí kò pàdánù ohunkóhun) dé ẹ̀rọ ohùn láìsí ìdíwọ́, àbí kí n kúkú mú Pi 5?