Kinder Scout ní Sátidé: ẹ gbà mí o, ẹ̀yin ará ilé

Tuntun-Dé (Salford): Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹnikẹ́ni tó bá rí èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ní kí n bá àwọn jáde ní Sátidé, mo ní kò burú. Mo rò pé ká kàn gba afẹ́fẹ́ létí odò, ká jẹ ìpápánu, ká wálé ni. Òní ni wọ́n fi máàpù ránṣẹ́: láti abúlé Edale, ká gba ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní Jacob's Ladder, ká dé orí òkè Kinder Scout, ká tó padà. Kìlómítà 15! Oṣù kẹsàn-án ni mo dé, òtútù inú ilé gan-an ò tíì mọ́ mi lára. Ṣé kánfáàsì mi lè gbé e? Ṣé mo lè wọ jíǹsì? Bí mi ò bá lè bá wọn rìn ńkọ́? Ẹ̀yin àǹtí, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín o: níbo ni obìnrin ti ń tọ̀ lórí òkè tí kò ní igi?

Ìyá Ìbejì (Sheffield): Jíǹsì kẹ̀? Fi sílé o. Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé, mo wọ jíǹsì gun Mam Tor, tí kò ju mítà 517 lọ. Òjò dé bá wa lọ́nà, jíǹsì mu omi yó, mo wá ń wọ́ ẹsẹ̀ bí ẹni pé mo so àwọn ìbejì mọ́ itan méjèèjì. Ikọ́ tó tibẹ̀ wá ò jẹ́ kí n lọ síbi iṣẹ́, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé ẹni tí kò bá lọ kò ní gbowó. Ṣòkòtò eré ìdárayá ni kí o wọ̀. Aṣọ tó fẹ́lẹ́, tí kì í ṣe òwú, ni kó kan ara. Èyí tó móoru tẹ̀ lé e. Ẹ̀wù òjò lékè. Fìlà àti ìbọ̀wọ́ o! Má wo oòrùn Salford.

Àjàlá (Leeds): Kánfáàsì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní eyín dára ju búùtù tuntun lọ, mo búra. Mo ra búùtù olówó ńlá ní Furaidé, mo wọ̀ ọ́ gun Pen-y-ghent ní Sátidé. A ò tíì dé ìdajì tí gìgísẹ̀ mi ti bó. Nígbà tí mo fi sọ̀kalẹ̀, èékánná àtàǹpàkò mi méjèèjì ti dúdú, wọ́n sì bọ́ nígbẹ̀yìn. Mo ta búùtù náà, bóyá ni mo rí ìdajì owó rẹ̀. Gé èékánná rẹ lálẹ́ Furaidé, wọ ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn, kí o sì di òmíràn sínú ọ̀rá. Lẹ́yìn Sátidé ni kí o lọ wá búùtù ní ṣọ́ọ̀bù òkìríkà, kí o máa wọ̀ ọ́ dáná nínú ilé títí yóò fi mọ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

Ìyá Ìbejì (Sheffield): Bàtà tó ti mọ ẹsẹ̀ ẹlòmíràn? Ará Leeds ni ẹ lóòótọ́.

Ọmọ Ìdànrè (Newcastle): Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bàtà, ẹ ò sọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó ń ṣú. Wọ́n ti dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan ní Sunday tó kọjá. Kí aago márùn-ún tó lù, òkùnkùn ti délẹ̀. Àbúrò, béèrè lọ́wọ́ wọn pé aago mélòó ni wọ́n fẹ́ gbéra. Bí wọ́n bá ní aago 11, ní kí wọ́n tún un rò. Ra tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń so mọ́rí, má gbójú lé fóònù, òtútù máa ń jẹ bátìrì. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, kùrukùru bò wá lórí The Cheviot, mo ní kí àwọn tó kù máa lọ, pé màá bá wọn nísàlẹ̀. Ẹsẹ̀ mi wọ kòtò ẹrẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ wú. Bátìrì ṣì kù díẹ̀, àmọ́ mi ò pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì. Mo rò pé wọ́n á gbé helikópítà wá, wọ́n á sì kó owó rẹ̀ lé mi lórí, Home Office tó ń rí sí físà á wá gbọ́. Ìdí ni mo fi wọ́ sọ̀kalẹ̀ nínú òkùnkùn. Eegun ti sán, mi ò mọ̀, mo tún fi rìn lọ síbi iṣẹ́ ní Monday. Títí dòní, bí òjò bá fẹ́ rọ̀, ẹsẹ̀ yẹn ló ń kọ́kọ́ gbọ́.

Dókítà-Ọ̀la (Nottingham): Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, ìyẹn ò bọ́gbọ́n mu rárá. Mountain Rescue, àwọn tó ń gba èèyàn là lórí òkè, ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ni, ọrẹ àwọn èèyàn ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Kí ló kan físà níbẹ̀?

Bàbá Clyde (Glasgow): Ìwọ ọmọ yìí, rọra. Akẹ́kọ̀ọ́ ń san £776 fún ìtọ́jú ìlera ọdún kan ṣoṣo kí físà tó jáde. Lẹ́tà tó bá sì já wọlé, owó ló wá béèrè. Níbo ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti máa rò pé nǹkan kan wà lọ́fẹ̀ẹ́ ní ìlú yìí, tí ó sì tún fò láti ojú ọ̀run wá?

Dókítà-Ọ̀la (Nottingham): Bàbá, mi ò bá yín jiyàn o. Ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó tí wọ́n jọ lọ mọ̀. Kí wọ́n tó gbéra ló yẹ kí wọ́n ti béèrè.

Àjàlá (Leeds): Èmi ò tiẹ̀ rí ẹjọ́ 999 yẹn. Àwọn tó fi í sílẹ̀ ni kí ẹ bá wí. Ta ló ń fi èèyàn sílẹ̀ nínú kùrukùru?

Ọmọ Ìdànrè (Newcastle): Wọn ò fi mí sílẹ̀, èmi ni mo ní kí wọ́n máa lọ. Ojú ló ń tì mí. Ìyá arúgbó òyìnbó kan wà níwájú tó ń kọrin bó ṣe ń gun òkè, èmi ọmọ Ìdànrè wá ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn. Kí lẹ fẹ́ kí n wí?

Ìyá Ìbejì (Sheffield): Ẹni tó ṣíwájú ló jẹ̀bi síbẹ̀. Ẹni tó lọ́ra jù ni a fi ń wọn ìrìn. Bó tiẹ̀ ní kí ẹ máa lọ, ẹ ò gbọ́dọ̀ lọ.

Bàbá Clyde (Glasgow): Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tí òtútù bá ti mú dáadáa kì í mọ ohun tó ń sọ mọ́.

Nọ́ọ̀sì (Cardiff): Ọ̀rọ̀ bàbá yẹn tọ́, mo ti rí i lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ fi ẹjọ́ sílẹ̀, ẹ gbọ́ èyí. Bí nǹkan bá ṣe yín, ẹ pe 999, ẹ ní ọlọ́pàá lẹ fẹ́, kí ẹ wá ní Mountain Rescue. Níbi tí fóònù ò bá ti lè gbé ohùn, tẹ́ẹ̀sì lè lọ, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ti forúkọ sílẹ̀ ṣáájú: ẹ kọ “register”, ẹ fi ránṣẹ́ sí 999. Ẹ ṣe é lálẹ́ yìí. Ẹ ra fèrè náà: ẹ fun ún lẹ́ẹ̀mẹfà láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì pè wọ́n nítorí pé ó kàn rẹ̀ ẹ́ o!

Tuntun-Dé (Salford): Ẹ ṣeun o. Ẹ̀rù wá ń bà mí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹ ò sì tíì dá mi lóhùn lórí ọ̀rọ̀ ìtọ̀.

Àjàlá (Leeds): Àwọn àǹtí ń bọ̀ wá dáhùn ìyẹn. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni ẹni tó sọ ọ̀nà yẹn ní Àkàbà Jákọ́bù. Ṣebí Jákọ́bù sùn sílẹ̀ ni tirẹ̀? Àwọn áńgẹ́lì ló ń gòkè.

Ọmọ Moss Side (Manchester): 😂😂 Àbúrò, má fòyà, òkè wa ni o fẹ́ gùn. Àwọn ọ̀dọ́ Manchester ló gba ọ̀nà ibẹ̀ fún gbogbo ayé. Ní April 24, 1932, wọ́n jáde láti Hayfield, Benny Rothman tí kò ju ọmọ 20 ọdún lọ ló ṣáájú wọn. Olówó ló ni ilẹ̀ nígbà yẹn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dọdẹ ẹyẹ kan tó jọ àparò, wọn ò jẹ́ kí mẹ̀kúnnù tẹ ilẹ̀ náà. Márùn-ún ló ṣẹ̀wọ̀n. Bí atẹ́gùn bá le, wo Kinder Downfall dáadáa: omi tó yẹ kó máa já wálẹ̀, òkè ni yóò máa fẹ́ lọ.

Ìyá Ìbejì (Sheffield): Ẹ parí ìtàn náà o! Àwọn ará Sheffield gba ọ̀dọ̀ Edale gòkè lọ́jọ́ yẹn kan náà, wọ́n sì pàdé yín lókè. Ìhà ọ̀dọ̀ wa ni àbúrò yìí sì máa gbà gùn ún.

Ọmọ Moss Side (Manchester): Ọkọ̀ ojú irin wo ló máa gbé e lọ? Ti Manchester!

Ìyá Ìbejì (Sheffield): Ibo ni ọkọ̀ náà ń lọ? Sheffield!

Bàbá Clyde (Glasgow): Mítà 636 lẹ ń jà lé lórí. Ben Nevis, mítà 1,345. Òfin 2003 ti fún wa láyè láti rìn káàkiri ní Scotland, kò sídìí ẹ̀wọ̀n.

Dókítà-Ọ̀la (Nottingham): Bàbá, ẹ sọ ti kòkòrò yín náà. Mo wá sọ́dọ̀ yín ní July, àwọn midge ò jẹ́ kí n la ẹnu jẹun. Ẹ̀fọn Lagos ṣì ń dúró kí ilẹ̀ ṣú.

Ọmọ Peckham (London): Àwa náà lókè o. Parliament Hill. Ẹ̀ ń wo gbogbo ìlú látibẹ̀.

Àjàlá (Leeds): Mítà 98! Ẹni tó bá wà lórí Olúmọ á kàn máa wò yín ni.

Ọmọ Ìdànrè (Newcastle): Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá sọ́dọ̀ wa, ẹ rin ẹsẹ̀ Ògiri Hadrian. Kìlómítà 135 ni. Ní apá Burgh-by-Sands, àwọn ọmọ ogun tó wá láti àríwá Áfíríkà ló ṣọ́ ibẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1,800 sẹ́yìn. Mo máa ń rò ó pé kí ni wọ́n ń wọ̀ lóṣù January. Àtẹ̀gùn Ìdànrè lé ní 600, mo ti sáré gùn ún pẹ̀lú sílípáàsì, bí mo bá sì dé ibi ìsinmi, màmá mi á ti bu omi sílẹ̀ dè mí. Ibí yìí, mo ra búùtù, mo ra ọ̀pá, mo ra máàpù, kò sí ẹni tó bu omi fún mi.

Nọ́ọ̀sì (Cardiff): Ẹ má pa wá lẹ́kún. Ìkọ́gòsì lèmi ń rántí, níbi tí omi gbígbóná àti tútù ti pàdé. Lójú tèmi, òpin April títí wọ May ló dáa jù níhìn-ín, nígbà tí òdòdó bluebell bá bo gbogbo inú igbó. Bí August bá tó, a máa ń já blackberry jẹ lọ́nà. Kì í ṣe àgbálùmọ̀, ṣùgbọ́n ó ń gbìyànjú.

Ìyá Ìbejì (Sheffield): Ẹ jẹ́ ká ṣe Gálílì lọ́dún tó ń bọ̀! Monday Àjíǹde, gbogbo wa ní Edale. Èmi máa se mọ́ínmọ́ín.

Ọmọ Moss Side (Manchester): Ẹ̀yin ẹ se mọ́ínmọ́ín, ẹ fi ìrẹsì sílẹ̀ fún wa. Ìrẹsì Sheffield kì í jinná.

Ìyá Ìbejì (Sheffield): Èyí tí ẹ jẹ ní ìsọmọlórúkọ tó kọjá, ta ló sè é?

Bàbá Clyde (Glasgow): Mo máa mú fúláàsì ògì wá. Yìnyín lè bọ́ lọ́jọ́ Àjíǹde, ẹ má rò pé Ìbàdàn lẹ wà.

Ọmọ Peckham (London): A ń bọ̀ o. Ṣé ẹgbẹ́ máa bá wa dá sí owó ọkọ̀?

Ìyá Ìbejì (Sheffield): Rárá o. Ẹ tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì kó tó wọ́n, kí ẹ sì gbé abọ́ yín dání.