Mo ti yege o: ìdáhùn sí ìbéèrè mi lórí Java

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àdúrótì. Nínú Java, èdè tí a fi ń kọ program kọ̀ǹpútà, mo kọ class (àwòṣe tí a fi ń dá nǹkan) méjì: Oko, tí mo kọ taya 4 sí, àti Maruwa tó jẹ́ ọmọ rẹ̀. Mo béèrè lọ́jọ́sí pé kí ló dé tí `Oko o = new Maruwa();` fi ń lo method (iṣẹ́ tí class lè ṣe) dun() ti Maruwa, síbẹ̀ tí `o.taya` ń gbé 4 jáde, tí mo sì ti kọ 3 sínú Maruwa fúnra mi. Ó ti yé mi báyìí.

Ohun tí `new` dá gan-an ló ń pinnu method tí yóò ṣiṣẹ́, ìyẹn nígbà tí program bá ń lọ lọ́wọ́. Field (iye tí a tọ́jú sínú class, bíi taya) ò rí bẹ́ẹ̀: irú tí a fi pe `o`, ìyẹn Oko, ni compiler (ohun tó ń yẹ kóòdù wò, tó sì ń túmọ̀ rẹ̀ kí ó tó ṣiṣẹ́) ń wò. Static method (èyí tó jẹ́ ti class fúnra rẹ̀, kì í ṣe ti ohun tí `new` dá) náà ń tẹ̀ lé ìlànà ti field yìí. Ẹ̀gbọ́n tó ní kí n fi @Override (àmì pé class ọmọ tún method òbí rẹ̀ kọ) sórí taya, ẹ má bínú, compiler kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Method nìkan ló wà fún.

Wọ́n tún bi mí bóyá abstract class (class tó wà fún kí àwọn class ọmọ jogún rẹ̀) lè ní constructor (kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí a bá ń dá nǹkan). Ó lè ní in, àmọ́ ẹ ò lè fi `new` dá òun fúnra rẹ̀.

Gẹnẹrétọ̀ ọ̀rẹ́ mi ní Sábó, Ìkòròdú ni mo fi kàwé. Mo ṣì jẹ ẹ́ lówó epo. Mo ti pa ìbéèrè yìí dé.