Ìsínjẹ ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa: ìrírí wa pẹ̀lú The Simpsons

Ará Ìbàdàn, ẹni tí ó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀:

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin ará mi. Mo fẹ́ fi ìtàn ara mi ṣí ọ̀rọ̀ kan, kí àwọn tí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí lè fi tiwọn kún un.

Ní ọdún 1997, ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan tí ó ń gbé ní Amẹ́ríkà fi kásẹ́ẹ̀tì fídíò mẹ́rin ránṣẹ́ sí wa ní Ìbàdàn. Kátúùnù The Simpsons ni ó kún inú gbogbo wọn, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì gbà wọ́n sílẹ̀ láti orí tẹlifíṣọ̀n. Nítorí pé kásẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà kì í bá tẹlifíṣọ̀n tiwa mu nígbà náà, dúdú àti funfun ni gbogbo rẹ̀ ń jáde, tí ó fi jẹ́ pé fún bí ọdún mẹ́ta ni a fi mọ Homer, Marge ìyàwó rẹ̀, àti àwọn ọmọ wọn Bart, Lisa àti Maggie láìmọ̀ pé ara wọn pọ́n bí èso ìyeyè. Àwọ̀ nìkan kọ́ ni a kò mọ̀. A kò mọ̀ pé púpọ̀ nínú ohun tí ń pa wá lẹ́rìn-ín jẹ́ ìsínjẹ, pé àwọn tí ó kọ eré náà ń sín fíìmù kan, ìwé kan tàbí orin kan jẹ, tí wọ́n sì gbà pé ẹni tí ń wò wọ́n ti mọ ojúlówó tẹ́lẹ̀.

Èyí tí a fẹ́ràn jù ni abala kan tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 1993, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ “Cape Feare”. Sideshow Bob, ọ̀daràn tí irun orí rẹ̀ dà bí imọ̀ ọ̀pẹ, ń wá bí òun yóò ṣe pa Bart. Ó ti fín “Die Bart, Die” sí àyà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n. Nígbà tí ó dé iwájú ìgbìmọ̀ tí ó lè dá a sílẹ̀, ó ṣàlàyé pé èdè Jámánì ni, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí “kú” ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ju atọ́ka lásán, irú “the” ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, lọ ní èdè Jámánì. Ìgbìmọ̀ náà sì gbà pé ẹni tí ó bá gbọ́ èdè Jámánì kò lè jẹ́ ènìyàn burúkú. Ìdílé Simpson ní láti sá, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì yí orúkọ wọn padà sí Thompson. Wọ́n kọ́ Homer títí pé bí wọ́n bá ti kí Ọ̀gbẹ́ni Thompson, kí ó rẹ́rìn-ín músẹ́, kí ó sì mi orí. Wọ́n kí i, wọ́n tilẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ kí ó lè rántí, Homer sì yíjú sí ẹnì kejì, ó rọra sọ fún un pé, “Ó jọ pé ìwọ ni ó ń bá sọ̀rọ̀.” Láti ọjọ́ náà, bí ìyá wa bá pe ọ̀kan nínú wa láti wá fọ abọ́, ẹni tí wọ́n pè yóò yíjú sí ẹlòmíràn, yóò ní, “Ó jọ pé ìwọ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.” Ẹ lè fi ojú inú wo ohun tí ìyá wa máa ń ṣe lẹ́yìn náà.

Ibi tí ó wá dùn jù ni ibi tí Bob ti ń tẹ réèkì tí wọ́n fi ń kó ewé jọ, tí igi réèkì náà ń dìde gbá a lójú, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, títí ó fi di ìgbà mẹ́sàn-án. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo kà pé abala náà ni ó kúrú ju àkókò tí wọ́n ní lọ, ni wọ́n bá fi réèkì fà á gùn.

Ọdún mẹ́rìnlá kọjá. Ìyàwó mi mú fíìmù kan wálé ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, Cape Fear ni àkọlé rẹ̀, Martin Scorsese ni ó darí rẹ̀ ní 1991, Robert De Niro sì ni ọ̀daràn inú rẹ̀. Fíìmù ẹ̀rù gidi ni. Ìyàwó mi ti di apá mi mú. Ṣùgbọ́n bí orin tí Bernard Herrmann kọ fún ẹ̀dà àkọ́kọ́ ti 1962 ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ẹ̀rín gbé mi. De Niro jókòó nínú ilé sinimá, ó ń mu sìgá ńlá, ó ń rẹ́rìn-ín kèékèé. Èmi rẹ́rìn-ín jù ú lọ. Nígbà tí ó so ara rẹ̀ mọ́ abẹ́ ọkọ̀ kí ó lè tẹ̀lé ìdílé náà, ibi tí ó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ ènìyàn dì, mo ti ṣubú sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ìyàwó mi pa tẹlifíṣọ̀n, ó sì bi mí bóyá ara mi yá. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún un pé réèkì ni mo ń retí?

Ohun tí mo ń rò láti ìgbà náà nìyí. Àwọn ará Amẹ́ríkà rí ojúlówó kí wọ́n tó rí ìsínjẹ rẹ̀, nítorí náà ẹ̀rín wọn jẹ́ ẹ̀rín ẹni tí ó dá ènìyàn mọ̀ láàárín ọjà. Àwa rẹ́rìn-ín kí a tó mọ ẹni tí wọ́n ń sín jẹ; nígbà tí a wá pàdé onítọ̀hún lọ́nà, òun ni ó dà bí ẹni tí ń sín kátúùnù jẹ. Ta ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí?

Olùkọ́ kan ní Àkúrẹ́:

Ó ṣẹlẹ̀ sí odidi kíláàsì mi, ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà ní ewì Edgar Allan Poe tí ó jáde ní 1845, èyí tí ẹyẹ ìwò ti wọlé tọ ọkùnrin kan tí ó ń ṣọ̀fọ̀ olólùfẹ́ rẹ̀. Mo rò pé bí wọ́n bá kọ́kọ́ wo bí The Simpsons ṣe ṣe é nínú abala ẹ̀rù àkọ́kọ́ wọn, ní oṣù kẹwàá 1990, ewì náà kò ní le fún wọn. Homer ni ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, Marge ni olólùfẹ́ tí ó kú, inú férémù lára ògiri ni ó wà pẹ̀lú irun gíga rẹ̀, James Earl Jones sì ni ó ń fi ohùn bí ààrá ka ewì náà. Wọn kò fi ọwọ́ kan ọ̀rọ̀ Poe púpọ̀, èyí sì ni mo fẹ́ràn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n orí Bart ni wọ́n gbé lé ọrùn ẹyẹ náà, ibi tí ẹyẹ Poe sì ti ń sọ pé kò sí mọ́ láéláé, ẹyẹ yìí ní kí Homer jẹ ṣòkòtò péńpé òun.

Nígbà tí ìdánwò dé, mo béèrè ọ̀rọ̀ tí ẹyẹ náà ń tún sọ. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta kọ “Ẹ jẹ ṣòkòtò péńpé mi” sílẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó mọ́ gaara. Mo fún wọn ní òdo, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi wúwo lórí bírò.

Akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn kan:

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, nítorí pé ìdàkejì ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n láti Ìbàdàn ni. Ní ọdún 1826, Hugh Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò kan, dé Ọ̀yọ́ Ilé, wọ́n sì ṣe eré eégún aláré fún un ní ààfin. Ní apá kẹta eré náà ni òyìnbó jáde: ó rù hangogo, òtútù ń mú un, ó ń fín áṣáà, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó sì ń rìn bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ rí. Àwọn èrò ń wo eégún, wọ́n ń wo Clapperton, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ojúlówó jókòó láàárín wọn. Irú òǹwòran bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó kọ The Simpsons ń retí, àwa nìkan ni a kò ní Clapperton tí a lè wò.

Ìyá Ìbejì, Lọ́ndọ̀nù:

Ẹ̀yin ọmọdé wọ̀nyí, èmi ní Clapperton tèmi. Ọmọ ilé-ìwé nọ́ọ̀sì ni mo jẹ́ ní Lọ́ndọ̀nù ní 1980, nígbà tí wọ́n yìnbọn lu J.R. nínú Dallas, eré tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà kan, tí gbogbo ayé sì dúró láti oṣù kẹta títí di oṣù kọkànlá kí wọ́n tó mọ̀ pé àbúrò ìyàwó rẹ̀ ni ó yìn ín. Ní wọ́ọ̀dù wa, àwọn aláìsàn pàápàá ń ta tẹ́tẹ́ lé e lórí.

Nígbà tí The Simpsons yìnbọn lu Ọ̀gbẹ́ni Burns, ọ̀gá Homer níbi iṣẹ́, ní oṣù karùn-ún 1995, tí wọ́n sì fi ìdáhùn pamọ́ di oṣù kẹsàn-án, mo mọ ohun tí wọ́n ń ṣe lójú ẹsẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ìbejì mi ń wò ó. Àwọn ń ro ẹni tí ó yìnbọn. Maggie tí kò tíì lè sọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ apá kejì ni ó pa mí. Smithers, olùrànlọ́wọ́ Burns, jí láti ojú oorun, ó rí ọ̀gá rẹ̀ láàyè tí ó ń wẹ̀ nínú balùwẹ̀, wọ́n ní àlá ni gbogbo rẹ̀. Mo pariwo! Bobby nìyẹn! Ní 1986, wọ́n mú Bobby, àbúrò J.R., tí ó ti kú nínú Dallas padà wá, inú balùwẹ̀ ni wọ́n ti bá a, wọ́n sì sọ fún wa pé odidi ọdún kan tí a fi sunkún rẹ̀, àlá ni. Inú bí mi nígbà náà débi pé n kò wo eré náà mọ́. Kátúùnù yìí gbẹ̀san fún mi. Àwọn ìbejì ń wò mí bí ẹni tí ó nílò oògùn, mo sì gbìyànjú láti ṣàlàyé, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń ṣàlàyé tó ni ẹ̀rín náà ń kú tó.

Láti Pọ́tónóvò:

Èdè Faransé ni a fi ń gbọ́ tiwa níbí. Tom and Jerry ti mọ́ wa lára, nítorí náà kò sí ẹni tí ó nílò àlàyé nígbà tí ológbò àti eku Itchy and Scratchy, kátúùnù tí àwọn ọmọ Simpson máa ń wò, bẹ̀rẹ̀ sí í gé ara wọn wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ibi tí mo ti ṣìnà ni McBain, ọ̀gbẹ́ni oníbọn tí fíìmù rẹ̀ máa ń hàn díẹ̀díẹ̀ nínú The Simpsons. N kò mọ̀ pé Arnold Schwarzenegger ni wọ́n ń sín jẹ. Mo rò pé òṣèré gidi kan ni wọ́n yà, mo sì lọ bá ẹni tí ń ta fídíò ní Kútọnu pé kí ó wá fíìmù McBain fún mi.

Ó rí i! Ọjà tòótọ́ ni. Fíìmù kan wà lóòótọ́ tí ó ń jẹ́ McBain, 1991 ni ó jáde, Christopher Walken ni ó sì ṣe é. Mo wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo ń dúró de ọkùnrin oníṣan ńlá tí ó ń sọ̀rọ̀ bí ará Austria. Mo padà lọ bá ọlọ́jà, mo ní ayédèrú ni ó tà fún mi. A jà.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tí ó ti fẹ̀yìn tì:

Èmi kò gbà pé ènìyàn gbọ́dọ̀ mọ ojúlówó. Ọmọ ọmọ mi fi abala tí Conan O’Brien kọ ní 1993 hàn mí, níbi tí Springfield, ìlú àwọn Simpson, ti ní mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là lọ́wọ́, tí ọkùnrin kan tí ó wọ aṣọ dáadáa dé pẹ̀lú orin lẹ́nu, tí ó sì ta ọkọ̀ ojú irin orí òpó fún wọn. Ọmọ náà ní eré orin The Music Man ni wọ́n ń sín jẹ. Èmi kò wo ìyẹn rí, n kò sì nílò rẹ̀. Mo ti rí ọkùnrin náà ní ọ́fíìsì wa, òun àti àwòrán tí ó fi páálí mọ, pẹ̀lú iná kéékèèké tí ń ṣẹ́jú lára rẹ̀. Orin nìkan ni kò kọ fún wa.

Ará Ìbàdàn:

Bàbá, ẹ jàre. Ìyá Ìbejì, ẹ kú ẹ̀dùn Bobby.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún tèmi. Nínú kásẹ́ẹ̀tì kẹta, abala kan wà láti 1991 tí Homer ti pàdé ọkùnrin òyìnbó sísanra kan tí ó ní Michael Jackson ni òun. Bàbá mi, tí ó ní gbogbo rẹkọ́ọ̀dù Michael Jackson, dìde lórí àga pé ohùn rẹ̀ gan-an nìyẹn. A fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé nígbà tí orúkọ àwọn òṣèré jáde, John Jay Smith ni a kà. Ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà, àwọn tí ó ṣe eré náà jẹ́wọ́ pé Michael Jackson ni lóòótọ́, ó kàn fi orúkọ pamọ́ ni. Bàbá mi jẹ wá níyà pẹ̀lú ìròyìn yẹn fún odidi ọdún Kérésìmesì kan. Orin ọjọ́ ìbí Lisa tí ó gbẹ̀yìn abala náà ni wọ́n máa ń fi ṣe ẹ̀rí, wọ́n á ní kò sí ọmọ ènìyàn mìíràn tí ó lè kọrin báyẹn.

Kipp Lennon ni ó kọ ọ́. Michael Jackson sọ̀rọ̀ inú eré náà, ṣùgbọ́n ẹni tí ń sín in jẹ ni wọ́n fi kọ orin. Bàbá mi ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin báyìí, n kò sì tíì sọ fún wọn.