«Ayíná» kọ́ o: iná kọ́ ni à ń yí

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé ní Manchester fi àlàyé gígùn ránṣẹ́ sí gbogbo wa lórí bí a ṣe lè yọ ẹ́ńjìnnì epo kúrò lára alùpùpù, kí a sì fi ẹ̀rọ tó ń lo iná mànàmáná rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á. Iṣẹ́ náà wú mi lórí, nítorí kò wọ́pọ̀ kí ẹni tó mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jókòó kí ó fi Yorùbá kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣùgbọ́n "ayíná", orúkọ tí ẹ̀gbọ́n ṣẹ̀dá fún ẹ̀rọ náà, kò gba ọ̀nà ọ̀fun mi lọ, àwọn mẹ́ta tó sì ti kọ̀wé lẹ́yìn wọn láti yin ọ̀rọ̀ náà ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́.

Gbogbo wa la mọ iṣẹ́ tí "a-" olóhùn àárín ń ṣe níwájú ọ̀rọ̀-ìṣe. Adáná ni ẹni tó ń dá iná, apẹja ni ẹni tó ń pa ẹja, akọrin ni ẹni tó ń kọ orin. Ọ̀rọ̀-orúkọ tó bá tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn ni àbọ̀ rẹ̀, òun ni wọ́n ń ṣe nǹkan sí. Bí ó bá wá jẹ́ "ayíná", a jẹ́ pé iná ni wọ́n ń yí. Ní ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, ọmọ tí wọ́n bá ní kí ó yí iná àtùpà wálẹ̀ nígbà tí èéfín bá ń dú gíláàsì rẹ̀, ọmọ yẹn gan-an ni ayíná.

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ tí à ń sọ yìí? Iná ń gba inú wáyà bàbà tí wọ́n wé kọjá, wáyà náà ń di òòfà, ó sì ń fa òòfà tó wà lára apá tó ń yí. Kọntirólà, àpótí tó ń darí iná, ló ń gbé iná náà láti orí ìdì wáyà kan bọ́ sí òmíràn, kí fífà náà má bàa dúró lójú kan. Iná kò yí rárá. Iná ni a fi ń yí nǹkan mìíràn. "Fi" yìí ni ẹ̀gbọ́n gé sọnù, bẹ́ẹ̀ òun ni ọ̀rọ̀ náà dúró lé. Èdè wa sì ti ní àpẹẹrẹ rẹ̀ nílẹ̀ tipẹ́: afinimọ̀nà. "Afináyí" ni ó yẹ kí a máa pè é, bí a ti ń pe jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìnkùlé ní amúnáwá. Amúnáwá ń mú iná wá, afináyí ń fi iná yí. Ọmọdé tó bá gbọ́ ọ̀kan yóò mọ èkejì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni là á yé e.

Arábìnrin wa láti Ìlọrin ní kí a fi ohùn ìsàlẹ̀ sí i, kí ó di "àyíná", kí ìjà tán. Ìjà kò lè tán níbẹ̀. Àlọ, àbọ̀, àyípadà, àṣejù: ìṣe tàbí ohun tí ìṣe bí ni irú "à-" bẹ́ẹ̀ sábà máa ń fún wa, kì í ṣe olùṣe. Arábìnrin náà tún ní bóyá "yípo" ló yẹ dípò "yí". Ìyẹn kò burú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mẹkáníìkì tí epo kún ọwọ́ rẹ̀ yóò máa pè lójúmọ́ kò gbọdọ̀ gùn jù, nítorí náà ni mo ṣe dúró ti "afináyí".

Àwọn kan ní kí a kàn máa pè é ní mọ́tò. Rárá. Mọ́tò ni èyí tí ẹ̀ ń wọ̀ lọ sí Ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n fúnra wọn kọ "mọ́tò inú kẹ̀kẹ́" fún irú èyí tí wọ́n máa ń kọ́ sí àárín ríìmù ẹ̀yìn, èyí tí kò lo ṣéènì, ẹnìkan sì kọ̀wé béèrè pé mọ́tò wo ló lè wọ inú kẹ̀kẹ́. N kò bá onítọ̀hún wí. Kẹ̀kẹ́ ni ológeere, kẹ̀kẹ́ ni Máruwá, kẹ̀kẹ́ tún ni ohun tó ń yí lábẹ́ ọkọ̀. Ẹrù ti pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Mẹkáníìkì ń pe ti abẹ́ ọkọ̀ ní ẹsẹ̀. "Afináyí inú ẹsẹ̀" àti "afináyí oníṣéènì" ti tó láti fi ìyàtọ̀ wọn hàn. Ti inú ẹsẹ̀ kì í fẹ́ ìtọ́jú púpọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ìwúwo rẹ̀ wà lábẹ́ ṣọ́ọ̀kì, kòtò ojú ọ̀nà tiwa sì ń gbá a tààrà. Kò sì sí eyín, ìyẹn irin roboto eléyín tí ṣéènì ń gbà lórí, tí ẹ lè pààrọ̀ bí ó bá kọ̀ láti gun òkè.

Ibi eyín yìí ni inú mi ti bàjẹ́ jù. Ẹ̀gbọ́n kọ gbogbo abala náà láìfi àmì ohùn tàbí àmì abẹ́ lẹ́tà sí i: "eyin eyin". Ṣé eyín tó wà ní ẹ̀yìn ni, àbí ẹyin méjì? Mo gbà pé ẹni tó bá fara balẹ̀ yóò mọ̀ ọ́n. Ohun tí kò lè mọ̀ ni "gíà òkè" (high gear, ti eré) àti "gíà ìsàlẹ̀" (low gear, ti ẹrù), tí ó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n wọ́ wọlé bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Abẹ́òkúta sọ fún wa lánàá pé òun rò pé gíà òkè ni wọ́n ń lò fún ibi tó bá jẹ́ òkè, nítorí náà ni òun ṣe fi eyín 14 ti iwájú àti 42 ti ẹ̀yìn sílẹ̀ bí wọ́n ti wà. Afináyí rẹ̀ gbóná lórí òkè débi pé kọntirólà pa ara rẹ̀, èrò méjì sì sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rìn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti ọmọ náà wò. Táyà 3.00-17 ń rin nǹkan bí 1.83 m ní ìyípo kan. Láti sáré 60 km ní wákàtí kan, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ní láti yí tó ìgbà 546 ní ìṣẹ́jú kan. Afináyí tó ń yí ìgbà 50 fún 1V, tí a fi bátìrì 72V gbé, yóò máa yí 3,600 ní ìṣẹ́jú kan bí kò bá sí ẹrù lórí rẹ̀. 14 àti 42 túmọ̀ sí pé ó ń yí lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ẹsẹ̀ tó yí lẹ́ẹ̀kan. Lórí ìwé, ìyẹn jẹ́ 132 km ní wákàtí kan. Ta ló fẹ́ gbé èrò méjì sá irú eré bẹ́ẹ̀ ní ìgboro Abẹ́òkúta? Bí alùpùpù, awakọ̀ àti èrò bá jẹ́ 300 kg lápapọ̀, tí òkè sì ń ga ní 1 m nínú 10 m, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń fẹ́ ipá tó ń yí nǹkan (torque, tí à ń fi Nm wọ̀n) tó sún mọ́ 100 Nm. Afináyí tó ní 20 Nm yóò fún un ní 60 pẹ̀lú ìlọ́po mẹ́ta, ó sì lè fún un ní 120 pẹ̀lú ìlọ́po mẹ́fà, bí àpẹẹrẹ eyín 11 níwájú àti 66 lẹ́yìn. Ẹ ṣàkíyèsí pé mo kọ "ipá". Ẹ̀gbọ́n kọ "agbára" káàkiri, wọ́n tilẹ̀ ní eyín ń fi kún agbára. Eyín kì í fi nǹkan kan kún agbára. Eré ló ń tà, ipá ló fi ń rà. "Ìlọ́po" ni kí a máa lò níbẹ̀, kí a sì fi òkè sílẹ̀ fún òkè.

Bàbá mi, tó tún kẹ̀kẹ́ àti máṣíìnì ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́ títí ojú wọn fi di bàìbàì, kò sọ gíà òkè rí. Bí ẹnìkan bá mú máṣíìnì wá pé kí wọ́n pààrọ̀ eyín rẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń bi í: "Eré lo fẹ́ ni, àbí ẹrù?" Bí oníṣu kan bá dáhùn pé ẹrù ni, wọ́n á mú èyí tí eyín rẹ̀ pọ̀ sọ́wọ́ fún ẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n ní ọgbọ̀n ọdún làwọn ti lò nídìí iṣẹ́ ẹ̀rọ, pé kí a má kọ́ àwọn ní orúkọ ohun tí àwọn fi ọwọ́ ara àwọn tò. N kò bá yín du ẹ̀rọ, ẹ̀gbọ́n. "Fi" ni mo bá yín du.

Ọ̀gá wa kan tún ní kí a dúró kí a kọ́kọ́ wo inú Èdè-ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984. Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ló wà nínú ìwé yẹn. Kò sí ẹni tó rán an sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì.

Ní ti ẹni tó ní a kò gbọ́dọ̀ pe ọkọ̀ náà ní alùpùpù mọ́, nítorí pé kò lu pù-pù-pù mọ́ níwọ̀n ìgbà tí kò ti sí sàlẹ́ńsà nídìí rẹ̀, n kò tíì mọ ohun tí n ó sọ. Òótọ́ ni pé ìró rẹ̀ ni a fi sọ ọ́ lórúkọ. Ṣùgbọ́n "adákẹ́rìn" tí ó dábàá yẹn, ológbò ni mo rí nígbà tí mo kà á.