Ẹ̀pẹ́ sí Òkè-Ẹ̀rí lọ́jọ́ kan: báwo ni ká ṣe tò ó?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ sí Ìjẹ̀bú dáadáa. Èèyàn mẹ́jọ, bọ́ọ̀sì oníjókòó 14 kan, ọjọ́ Sátidé kan ṣoṣo. A ti yọ àga ẹ̀yìn kúrò kí kúlà, gáàsì kékeré àti ẹní lè ráyè.

Aago mẹ́fà àárọ̀ la ó gbéra. Òkè-Ẹ̀rí la ó kọ́kọ́ yà, níbi tí wọ́n ń pè ní ibojì Bílíkísù Súngbọ́, obìnrin ọlọ́lá tí ìtàn sọ pé ó ní kí wọ́n gbẹ́ Erédò, ká tó lọ wo Erédò fúnra rẹ̀, ìyẹn yàrà àti òkìtì àtijọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Yàrà yìí gùn tó 160 kìlómítà, ibòmíràn sì ga tó 20 mítà láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì. Ilẹ̀ pupa ni. Bí òjò bá ti kàn án, yíyọ̀ ló ń yọ̀ bí ilá. Orí ọ̀dà ni bọ́ọ̀sì máa dúró, ẹsẹ̀ la ó fi wọlé. Pákó pẹlẹbẹ kan wà fún abẹ́ jáàkì, torí jáàkì lásán á kàn máa rì sínú ẹrẹ̀ ni, táyà ò ní kúrò nílẹ̀.

Ibo gan-an ló rọrùn fún àgbàlagbà láti sọ̀kalẹ̀ sínú yàrà? Ta ni ká kọ́kọ́ rí, baálẹ̀ àbí àwọn tó ń tọ́jú ibojì? Ṣé obìnrin lè dé ìdí rẹ̀?

Ó wá ku Ẹ̀pẹ́, níbi tí Kòsọ́kọ́, ọba Èkó nígbà yẹn, sá wá lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e l'Ékòó ní 1851. Èyí ò gbọdọ̀ di àsáréwò. Ọjà ẹja Olúwo ńkọ́? Ẹja àárọ̀ ló dùn ún rà, àmọ́ yìnyín inú kúlà á ti yọ́ kílẹ̀ tó ṣú. Ṣé ká rà á nígbà tá a bá ń lọ ni, àbí nígbà tá a bá ń bọ̀?