Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọkọ̀ dúdú, báwo lẹ ṣe ń bá eruku ọyẹ́ ṣe é lẹ́yìn tí ẹ bá ti kun wax tán?

Ọmọ Agodi
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Camry Muscle dúdú ni mò ń wà. Àárọ̀ Sátidé ni mo fọ̀ ọ́, mo kun wax, mo nù ún títí ó fi ń dán gbinrin. Kí oòrùn tó wọ̀, eruku ti bò ó bí ẹni pé wọ́n ku èlùbọ́ sí i lórí. Títì àdúgbò wa n'Íbàdàn kò tíì rí ọ̀dà, ọyẹ́ sì ti dé. Kí lẹ̀yin ń ṣe? Ohun tí ojú yín rí ni kí ẹ sọ o, kì í ṣe èyí tí ẹ gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì.

Ọmọ Ṣakí
Ẹ ra ọkọ̀ funfun.

Dúdúyẹmí
Ọ̀gbẹ́ni Ṣakí, ẹni tó ń bèèrè ọ̀nà Ọ̀yọ́ lẹ ń júwe ọ̀nà Ìjẹ̀bú fún yìí. Ó ti ra dúdú ná.

Màmá Bódìjà
Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Ọlọ́dẹ kan wà nílé wa, ènìyàn dáadáa ni, kì í ṣọ̀lẹ. Ní gbogbo àárọ̀ ọyẹ́, ká tó jí, ó ti mú àkísà gbígbẹ, ó ti nu ọkọ̀ ọkọ mi láti orí bọ́nẹ́ẹ̀tì dé ẹ̀yìn búùtù. Jíìpù dúdú ni. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́, inú rere ló fi ń ṣe é, ọkọ mi a sì fún un ní owó ẹ̀kọ. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kan, oòrùn tàn sí ilẹ̀kùn apá ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí. Háà! Ìlà wẹ́wẹ́wẹ́ tó ń yí po lọ rẹrẹ. Ohun tó jẹ́ kí n mọ̀ pé àkísà ni ni pé ibi tí ọwọ́ ọlọ́dẹ ń dé nìkan ni ìlà wà. Àárín òrùlé tí kò lè nawọ́ dé ṣì mọ́ rekete bí wọ́n ṣe gbé e sọ̀ kalẹ̀ ní Apapa.

Abíọ́nà
Mà, ẹ ti pa mí. Ìlà yẹn gan-an ló wà lára tèmi, mo rò pé bí wọ́n ṣe ta á fún mi nìyẹn.

Pénítà Alákíà
Iṣẹ́ mi nìyí, ẹ jẹ́ n dá sí i. Kílíà ni èyí tí a máa ń fín kẹ́yìn sórí ọ̀dà, òun ló ń dán. Eruku ọyẹ́ tí ẹ̀ ń wò yẹn, ọ̀nà jíjìn ló ti ń bọ̀, láti Sàhárà, pàápàá ibi tí wọ́n ń pè ní Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad. Yanrìn kíkúnná wà nínú rẹ̀, yanrìn yẹn sì le ju kílíà lọ. Bí ẹ bá fi àkísà gbígbẹ tì í, kílíà lẹ̀ ń ha. Ọkọ̀ funfun náà ń ní ìlà o, ojú ni kò tètè rí i.

Ìkejì: ṣé ẹ máa ń gbọ́ bí súwẹ́tà ṣe ń ta ṣáṣáṣá tí ẹ bá ń bọ́ ọ lálẹ́ ọyẹ́? Bẹ́ẹ̀ náà ni ara ọkọ̀ ń rí tí ẹ bá ń fi aṣọ gbígbẹ ra á lọ ra á bọ̀. Ẹ máa nù ún tán, eruku tó wà nínú afẹ́fẹ́ á tún máa rọ́ lọ sí i lára.

Ìkẹta, ẹ̀yin Ọmọ Agodi: ṣé wax yẹn kò nípọn jù? Ẹ kọ́kọ́ fi omi ṣan eruku kúrò, kó gbẹ, kí ẹ tó fi ẹ̀yìn ìka fa bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tí ìka bá fi ojú ipa sílẹ̀, wax ṣì kù níbẹ̀, òun ló ń mú eruku dání.

Ọmọ Agodi
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ ṣàn án, ó gbẹ, mo sì fà á. Bọ́nẹ́ẹ̀tì kò ní nǹkan kan. Ẹ̀gbẹ́ búùtù, lábẹ́ nọ́ńbà, ó fi ipa sílẹ̀, ibẹ̀ sì ni eruku ti pọ̀ jù tẹ́lẹ̀ lóòótọ́. Ẹ ṣeun, sà.

Ọmọ Ṣakí
Tí wax ò bá lè dá eruku dúró, kí wá ni èrè rẹ̀?

Pénítà Alákíà
Kò sí wax tó ń sọ fún eruku pé kó má bọ́ sílẹ̀. Èrè rẹ̀ ni pé eruku kò ní rí ibi dì mú. Ẹ da omi sí i, ọ̀pọ̀ rẹ̀ yóò sá lọ. Èyí tí wọn ò kùn, ẹ ó da omi títí, ẹ ó ṣì fi ọwọ́ fọ̀ ọ́.

Abíọ́nà
Ẹni kan tó ń fọ ọkọ̀ lẹ́bàá ibi iṣẹ́ mi máa ń da kẹrosíìnì sómi. Ọkọ̀ a dán, a dán kọjá ààlà. Kí n tó dé Challenge, gbogbo eruku ọ̀nà ti lẹ̀ mọ́ ọn, kò tiẹ̀ ṣe é gbọ̀n mọ́. Mo ní kó má da á sí tèmi mọ́, ó ní àwọn oníbàárà yòókù fẹ́ràn rẹ̀.

Bàbá Ìbejì
Kẹrosíìnì kò ṣe ọkọ̀ ní nǹkan kan. Bàbá mi fi nu Peugeot 504 rẹ̀ títí ó fi tà á, ẹni tó rà á gan-an yìn ín.

Pénítà Alákíà
Ẹ̀gbọ́n, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbà náà kò ní kílíà. Ọ̀dà lásán ni, ó sì nípọn. Ti ìsinsìnyí kò rí bẹ́ẹ̀.

Dúdúyẹmí
Bàbá Ìbejì, àwọ̀ wo ni 504 yẹn?

Bàbá Ìbejì
Funfun.

Dúdúyẹmí
Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́ o!!!

Ọmọ Ṣakí
Ṣé mi ò sọ bẹ́ẹ̀?

Arìnrìnàjò Atlanta
Tiwa níbí kì í ṣe ọyẹ́. Láàárín oṣù Kẹta sí Kẹrin, àtíkè igi páìnì ló ń bo gbogbo nǹkan, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Lára ọkọ̀ dúdú, ẹ má wulẹ̀ wò ó. Mi ò jẹ́ kí aṣọ kàn án láìjẹ́ pé omi ti kọ́kọ́ ṣàn lórí rẹ̀. Tí mo bá ti fi rọ́bà da omi sí i, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ ewé nínú ọgbà ni mo fi ń gbẹ ẹ́. Ọwọ́ kì í kàn án rárá.

Ọmọ Ṣakí
Omi ojoojúmọ́? Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? Omi kànga wa ti ń tán lọ, ọmọ ènìyàn ń wá omi tí yóò fi wẹ̀.

Arìnrìnàjò Atlanta
Àbúrò, mo gbà. N kò sọ ọ́ láti fi ṣe fáàrí, ohun tí mò ń ṣe ni wọ́n ní ká sọ.

Màmá Bódìjà
Omi kò ní láti pọ̀. Ohun tí a wá ń ṣe nílé báyìí: ìgò tó ń fín omi, omi inú rẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ ìfọkọ̀ díẹ̀. A ó fín in títí eruku yóò fi rin, apá kan lẹ́ẹ̀kan. Aṣọ onírun rírọ̀ tí a ká sí mẹ́rin la fi ń gbé e kúrò, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má yí i po. Ojú aṣọ tó bá ti dọ̀tí, ẹ ṣí èyí tó mọ́. Kì í ju ìgò kan lọ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹrẹ̀ gbígbẹ ni, ẹ dúró de omi púpọ̀.

Abíọ́nà
Kí ẹ sì jìnnà sí ọṣẹ ìfọṣọ o, ó ń bó wax lọ.

Bàbá Ìbejì
Gbogbo wàhálà yìí! Ẹ ra aṣọ ìborí, ẹ da á bo ọkọ̀, ó tán.

Dúdúyẹmí
Ẹ̀gbọ́n, mo rà á. Ìta gbangba ni mò ń gbé ọkọ̀ sí. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ a wọ abẹ́ rẹ̀ lóru, a máa gbọ̀n ọ́n pàpàpà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Eruku wọlé, aṣọ ń fi eruku gún igun bọ́ńpà méjèèjì. Nígbà tí màá ṣí i, ibẹ̀ kò dán mọ́. Ẹni tó ní gáréèjì, tó sì ń bo ọkọ̀ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀, òun ló wà fún.

Abíọ́nà
Ohun ìgbọn-eruku olówùú gígùn tí wọ́n ń tà ní Ládípọ̀ ńkọ́, èyí tí wọ́n fi wax rẹ òwú rẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi ń gbọn eruku fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pẹ̀lú ẹ̀, tiẹ̀ ṣì ń dán.

Pénítà Alákíà
Ó dára ju àkísà lọ. Èmi ò ní fi kan ọkọ̀ dúdú lásìkò ọyẹ́, ṣùgbọ́n n kò ní bá ẹni tó ń lò ó jà. Oníyẹ̀ẹ́ adìyẹ tí wọ́n ń tà nínú go-slow ni kí ẹ má rà.

Ọmọ Ṣakí
Ẹ̀yin ará Ìbàdàn ń pariwo. Ẹ wá sí Ṣakí lóṣù Ṣẹ́rẹ́, ẹ ó rí eruku.

Abíọ́nà
Ṣakí dé! Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti sìnrú ìlú, nígbà mìíràn a kì í rí òpin títì láàárọ̀. Ẹ jọ̀wọ́.

Ọmọ Ṣakí
Ògbómọ̀ṣọ́ kẹ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sún mọ́ igbó ju wa lọ.

Màmá Bódìjà
Pénítà, ẹ dákun, èló ni kí wọ́n pa ìlà yẹn rẹ́ lára ilẹ̀kùn?

Pénítà Alákíà
Mi ò lè dá iye láìrí i, mà. Tí kò bá jìn, ẹ̀rọ tí a fi ń mú ọkọ̀ dán nìkan yóò mú un lọ. Ẹ gbé e wá sí Alákíà láàárọ̀, kí oòrùn tó gorí. Ẹ sì bá mi bẹ ọlọ́dẹ yín, kó má nù ún wá.